Àwọn Màlúù Tí Mi Ò Kà

Ìyá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ọmọ òun. Bí àlejò bá wọ agboolé wa ní Èkìtì, tó fi ẹ̀rín béèrè pé ẹ̀yin ọmọ mélòó lẹ wà níbí, èsì kan ṣoṣo ni ìyá mi ní: "Bí Ọlọ́run ṣe fi wọ́n jíǹkí mi ni wọ́n ṣe wà." Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Àlejò tó bá gbọ́n á yí ọ̀rọ̀ sí ti òjò.

Ó ní ìdí. Mo kéré nígbà tí wolé-wolé kan wá yẹ ìkòkò omi wa wò. Nígbà tó ṣe tán, ó na pẹ́ńsù rẹ̀ sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà wá sókè, ó kọ iye wa sínú ìwé pélébé kan, ó fi ìwé sápò. Kí oṣù méjì tó pé, èéyi, àrùn tí ń sú sí ọmọdé lára, tí ń pọ́n wọn lójú, wọ agboolé wa. Ó mú méjì lọ nínú wa. Tíṣà ìjọ sọ fún ìyá mi pé àrùn náà ti wà nílé kejì kí wolé-wolé tó dé. Ìyá mi ò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bó bá ti fojú kan ṣòkòtò kákí lókèèrè, á kó wa wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn.

Bí mo ṣe dàgbà nìyẹn. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ: kì í ṣe òwe lásán lẹ́nu mi, inú ẹran ara mi ló wà. Ẹ wá wo iṣẹ́ tí ayé gbé fún mi ṣe.

Àárín àwọn ọdún 1970 ni ìjọba gbé mi dé Jos, dókítà ẹran tuntun tí ara rẹ̀ kò mọ òtútù rí. Nasarawa Gwong ni mo gba yàrá sí. Ibi iṣẹ́ wa wà lẹ́yìn Bukuru, níbi tí àwọn kòtò tí awakùsà gbẹ́ sílẹ̀ ti di adágún omi. Oníṣòwò kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ lójú ọ̀nà mi, kì í jẹ́ kí n kọjá láì béèrè bí màlúù ṣe ń sọ fún mi pé orí ń fọ́ òun. Mo ní lẹ́tà ló máa ń kọ sí mi. Ó ní kò burú, òun ti mọ àwọn akọ̀wé ìjọba tí màlúù mọ̀wé jù lọ.

Kò mọ̀ pé èmi kì í fi bẹ́ẹ̀ wo màlúù kan sàn. Iṣẹ́ tèmi ni títọ àrùn bí ọdẹ ṣe ń tọ ipasẹ̀ ẹran. Ibo ló ti gbéra? Ọ̀nà wo ló gbà? Agbo ẹran wo ló kọ́kọ́ wọ̀? Mélòó ló mú, mélòó ló pa, mélòó ló ṣẹ́kù tí kò tíì mú? Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè ìkẹyìn yẹn, kó má wulẹ̀ jáde nílé. Èmi tí ìyá mi kò gbà kí wọ́n ka ọmọ òun ni wọ́n wá gbé ìwé ìkàye lé lọ́wọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ìròyìn dé láti ìhà àríwá pé àrùn ńlá màlúù ti tún jí. Àwọn àgbà Fúlàní mọ̀ ọ́n. Àwọn bàbá wọn ti sọ fún wọn nípa ọdún tí igún yó títí tí kò lè fò mọ́. Ojú màlúù á máa ṣomi, imú rẹ̀ á máa ṣomi, ẹnu rẹ̀ á bó nínú, ìgbẹ́ gbuuru á sì gbé e ṣubú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kò sí oògùn tó ń wò ó. Abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan ló wà, ìyẹn sì gbọ́dọ̀ ṣáájú àrùn dé ara ẹran. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ pè wá jọ, ó ṣàlàyé fún wa pé kòkòrò àrùn náà bá ti èéyi ọmọdé tan, pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Àwọn tó kù ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ò kọ ohunkóhun. Mo ń wo ojú fèrèsé.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa kò ṣòroó sọ: kí a gún gbogbo màlúù tó wà lórí òkè Plateau lábẹ́rẹ́ kí àrùn tó gùn ún dé ọ̀dọ̀ wa. Ìgò abẹ́rẹ́ kan wà fún ọgọ́rùn-ún màlúù. Inú yìnyín ló ń gbé. Bí o bá ti pò ó mọ́ omi iyọ̀ tútù, kò gbọdọ̀ rí ọ̀sán. Ohun tó bá ṣẹ́kù, dídà ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá wa kì í fi í ṣeré pẹ̀lú iye. Wàá kọ́kọ́ lọ sí gáà Fúlàní, wàá mú iye ẹran wá, iye yẹn ni wọ́n á fi fún ọ ní ìgò. Kò sí èènì.

Bàbá Fúlàní kan wà lẹ́sẹ̀ òkè lẹ́yìn Bukuru tí mo ti mọ̀ tó ọdún márùn-ún. Òun ló kọ́ mi pé kí n fọwọ́ kan imú màlúù kí n tó fọwọ́ kan ìwé. Bí mo bá débẹ̀, á fún mi ní nónò, wàrà kíkan wọn, nínú igbá, á jókòó tì mí títí màá fi mu ún tán, á wá bi mí bóyá mo ti lè gbọ́ ohun tí ẹran ń sọ. Lìkítà, ìyẹn dókítà lédè Hausa, ló ń pè mí. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo sọ fún ìyàwó mi pé bí agbo ẹran kan bá máa yè lórí òkè yìí, ti bàbá yẹn ni màá rí i pé ó yè.

Dírẹ́bà mi ló gbé mi lọ. Àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n Angwan Rukuba ní Jos ni wọ́n bí i sí, Hausa sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Bó bá ń sọ Yorùbá, yóò dà bí ẹni tó ń rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́ láì wọ bàtà. Òun ló ń bá mi túmọ̀ bí Hausa tèmi bá dojú dé.

Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ wa jálẹ̀. Ó ní òun gbà, kí a wá gún wọn. Mo wá béèrè pé mélòó ni wọ́n. Ó wo ilẹ̀, ó fi ọ̀pá rẹ̀ fa ilà kan, ó pa á rẹ́, ó ní kí n kó ìgò méjì wá.

Ìgbà tí a ń padà síbi mọ́tò ni dírẹ́bà fà mí láṣọ. Ó ní, "Dókítà, bàbá yìí ń fi nǹkan pamọ́. Ẹ wá wo okùn."

Okùn tó wí yẹn, gbogbo gáà ló ní in. Wọ́n á ta á mọ́lẹ̀ láàárín èèkàn méjì, wọ́n á ta kókó olójóbó sí i lára, ojóbó kan fún ọmọ màlúù kan, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń so àwọn ọmọ mọ́ kí wọ́n má bàa mu wàrà ìyá wọn tán. Ẹni tó bá mọ okùn náà kà, ó ti mọ ìyá ẹran, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ gbogbo agbo. Mo wò ó. Okùn náà gùn ju ti ẹran tí wọ́n fi hàn wá lọ. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ní ọmọ màlúù. Ìdá kan tó kù ṣófo, ṣùgbọ́n koríko tó wà nídìí ojóbó kọ̀ọ̀kan ti di títẹ̀, ìgbẹ́ tútù wà níbẹ̀, ipasẹ̀ ẹran sì forí lé àfonífojì lẹ́yìn òkè.

Dírẹ́bà ní kí n kà á.

Mo ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Hábà, Dókítà. Ọmọ kọ́. Màlúù ni."

Mo padà lọ bá bàbá. Mo fẹ́ sọ fún un pé mo rí okùn. Dípò bẹ́ẹ̀, mo tún bi í lẹ́ẹ̀kejì, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ kí wọ́n ṣí. Ó fi ìbéèrè dá mi lóhùn. Ó ní, "Lìkítà, ọmọ mélòó ni ìyá rẹ bí?"

Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti dáhùn. Mo ní, "Bí Ọlọ́run ṣe fi wọ́n jíǹkí rẹ̀ ni wọ́n ṣe wà."

Bàbá fi ọwọ́ lu itan, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Tò," ó ní, "o gbọ́ èdè mi." Ó di ọwọ́ mi mú. Inú mi dùn. Ẹ gbà mí gbọ́, inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Mo wọ mọ́tò, mo ṣí ìwé, mo kọ iye tí ìgò méjì lè gún. Dírẹ́bà ń wa mọ́tò, ó ń súfèé.

Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, a ti débẹ̀ kí oòrùn tó là. Ìdérí àpótí yìnyín wa ti sán, okùn la fi dì í, gbogbo ojú ọ̀nà ni mo fi ń fọwọ́ kàn án bóyá yìnyín ti ń yọ́. Wọ́n ti fi igi ṣe ọgbà tóóró kan, ẹran ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ń gún wọn lọ́rùn. Dírẹ́bà mú irin ìluhò, ó ń lu etí ọ̀tún kọ̀ọ̀kan ní ihò, kí ẹnikẹ́ni tó bá rí màlúù náà lẹ́yìnwá ọ̀la lè mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ á yọ, màlúù á mi orí, á sáré jáde.

Ẹran tán, abẹ́rẹ́ kù nínú ìgò kejì. Ó kù tó bẹ́ẹ̀ tí yóò gún bí ogún. Mo gbé ìgò náà sókè kí bàbá lè rí i. Mo ní, "Baba, bí ọ̀kan bá wà níbìkan tí a ò gún, àrùn yìí máa wá a rí." Ó wo ìgò. Ó wo òkè. Ó ní Ọlọ́run á ṣọ́ wa. Mo da ohun tó kù sílẹ̀, bí òfin iṣẹ́ wa ṣe wí. Ilẹ̀ gbígbẹ fà á mu kí n tó dérí ìgò.

Ọyẹ́ ti mú dáadáa nígbà tí dírẹ́bà lọ ra àlùbọ́sà ní ọjà Bukuru, tó padà wá bá mi láì rà á. Ó ní wọ́n ń sọ lọ́jà pé igún ń yí po lẹ́yìn òkè bàbá. A ò dúró jẹun. Nínú mọ́tò, àpótí yìnyín nìkan ni mo ń rò. Mo ń sọ fún ara mi pé yìnyín ló yọ́, pé abẹ́rẹ́ ti bàjẹ́ kí n tó gún un, pé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gún agbo ẹran bàbá ní omi lásán. Dírẹ́bà ò súfèé lọ́jọ́ yẹn.

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé wa. Àfonífojì náà ní odò kékeré kan, ẹ̀bá odò ni wọ́n ṣubú sí, torí pé òùngbẹ ni àrùn náà fi ń pa ẹran kó tó pa á. Àwọn kan sùn síra wọn. Ọmọ kan ṣì ń fa ọmú ìyá tó ti kú. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ èyí tó sún mọ́ mi jù, mo yí etí ọ̀tún rẹ̀ síta.

Kò ní ihò. Etí náà pé.

Mo lọ sí òmíràn. Ó pé. Mo ń ti orí òkú kan lọ sí orí òkú kejì, mo ń tú etí wò bí aṣiwèrè. Gbogbo etí pé. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni: ohun tó kọ́kọ́ bà lé mi lọ́kàn ni ìtura. Abẹ́rẹ́ mi ò bàjẹ́. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí agbo bàbá lókè lọ́hùn-ún, wọ́n ń jẹ koríko, ara wọn ń dán. Ìgbà náà ni mo tó béèrè lọ́wọ́ ara mi pé, ta ló wá ni èyí tó kú?

Obìnrin arúgbó kan jókòó sórí òkúta, okùn àwọn ọmọ màlúù wà lórí itan rẹ̀. Ó ń tú kókó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n bàbá ni, opó ni. Dírẹ́bà bi àwọn tó wà níbẹ̀, ó sì ṣàlàyé fún mi. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó kó ẹran rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ kó máa bá òun dà á. Àwọn mìíràn tún wà nínú agbo náà tó jẹ́ ti ọ̀rẹ́, ti àna, èyí tí wọ́n yá a gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, pé kí ẹran ọ̀rẹ́ máa gbé lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kí ìfẹ́ má bàa kú. Kò sí èyí tó jẹ́ ti bàbá nínú gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ yẹn.

Bàbá dúró níwájú obìnrin náà. Obìnrin náà ò gbójú sókè. Ó ní, "Tìrẹ yè."

Ó tú kókó mìíràn.

Mo bi bàbá pé èéṣe. Ṣé owó orí màlúù tí ìjọba ń gbà láyé ijọ́un, èyí tí wọ́n ti fagi lé, ló ṣì ń bẹ̀rù ni? Ó mi orí. Ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí dírẹ́bà lè túmọ̀ rẹ̀ pé.

"Tèmi ni mo lè fi dán abẹ́rẹ́ yín wò. Bó bá pa wọ́n, tèmi ló kú. Ohun tí wọ́n fi pamọ́ sí mi lọ́wọ́, báwo ni mo ṣe máa fi dán nǹkan wò? Mo ní bí tèmi bá la ọ̀sẹ̀ mẹ́rin já, màá kó tiwọn wá."

Àrùn ò dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Bí mo bá ti sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé mo rí okùn, ì bá ti sọ èyí fún mi. À bá ti jókòó, à bá ti jiyàn, bóyá ì bá ti kọ̀ títí. Ṣùgbọ́n ì bá ti mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti pẹ́ jù. Èmi nìkan ni mo mọ bí àrùn náà ṣe ń yára rìn. Ohun tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ gbé mọ́tò fún mi nìyẹn.

Bàbá mú ọwọ́ mi, gẹ́gẹ́ bó ṣe mú un lọ́jọ́ ẹ̀rín. Ó fà mí dé ìdí òkú àkọ́kọ́. Ó ní, "Lìkítà, kà wọ́n."

Mo wò ó.

"Kà wọ́n wàyí. Sókè."

Mo kà. Hausa ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ahọ́n mi kọ̀, mo bọ́ sí Yorùbá. Bàbá ń tẹ̀ lé mi láti orí òkú dé orí òkú, ó ń fi ọ̀pá kan ìwo kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń kà á. Dírẹ́bà ń kọ ọ́. Igún ń sún sẹ́yìn fún wa, wọ́n tún ń padà. Mẹ́tàdínláàádọ́rin ni wọ́n. Mo fi ọmọ tó ń fa ọmú mọ́ wọn, nítorí kí a tó kà dé ibi tó wà, òun náà ti sùn.

A wa kòtò, a da ẹfun sí i, ó gbà wá ní ọjọ́ mẹ́ta. Mo kọ ìròyìn iṣẹ́ mi. Ọ̀gá béèrè ìdí tí iye tí mo mú wá lákọ̀ọ́kọ́ kò fi bá ohun tó wà nílẹ̀ mu. Mo kọ ọ́ pé ẹlẹ́ran fi ẹran pamọ́. Òótọ́ ni. Mi ò kọ nǹkan kan nípa okùn. Dírẹ́bà mọ̀, kò sì fi ọ̀rọ̀ náà gún mi lára rí títí tó fi fi iṣẹ́ sílẹ̀; ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Lọ́jà ẹran, wọ́n ń sọ ọ́ kiri pé bàbá gba abẹ́rẹ́ fún tirẹ̀, ó fi ti opó sílẹ̀ fún igún. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹran tirẹ̀: ó fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fún àna, ó fún ọ̀rẹ́, títí èyí tó kù sí i lọ́wọ́ kò fi tó agbo mọ́. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tún sí ẹni tó yá a ní màlúù kan.

Ní ọdún kejì, ìyá mi wá kí wa ní Nasarawa Gwong. Ó wà lójúde lọ́jọ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń gún ọmọdé lábẹ́rẹ́ èéyi. Mo wà nínú ilé, mo gbọ́ tí nọ́ọ̀sì béèrè pé ọmọ mélòó ló wà níbí, mo sì gbọ́ ohùn ìyá mi: "Bí Ọlọ́run ṣe fi wọ́n jíǹkí wa..." Mo ti jáde kó tó parí rẹ̀. Mo ní mẹ́rin ni. Mo pè wọ́n jáde, mo tò wọ́n, mo fọwọ́ kan orí kọ̀ọ̀kan, mo kà wọ́n sókè létí ìyá mi. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ó bi mí bóyá ìbẹ̀rù kíka ọmọ ti tán lára mi.

Ìgbà ìkẹyìn tí mo rí bàbá, ojú ọ̀nà Bukuru ni. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, wọ́n ń lọ sí ìhà gúúsù, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ẹran tó kù. Mọ́tò wa dúró kí wọ́n lè kọjá. Ẹran ń gba iwájú mi kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ní ihò létí ọ̀tún, ihò náà ti jinná, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ wọlé. N kò mọ̀ pé mo ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé mi, ó rí ètè mi tó ń mì.

Ó dúró títí mo fi kà wọ́n tán.